Westray sí Papa Westray: bí ẹ ṣe lè ṣírò ọ̀nà àti àkókò láàárín pápákọ̀ òfurufú erékùṣù kékeré méjì

Nínú àwọn erékùṣù Orkney, lókè téńté Scotland, bàálù kan máa ń gbéra ní Westray, á sì ti balẹ̀ ní Papa Westray kí ẹni tí kò mọ bẹ́líìtì í so tó so tirẹ̀ tán. Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n kọ fún un nínú ìwé àkókò. Tí atẹ́gùn bá ń ti bàálù náà lẹ́yìn dáadáa, kì í tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yá jù lọ, tí awakọ̀ bàálù kan tó ń jẹ́ Stuart Linklater wà, gba ìṣẹ́jú àáyá 53 péré. Nínú gbogbo bàálù elérò tó ń lọ tó ń bọ̀ déédéé láyé, kò sí ìrìn tó kúrú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ orúkọ pápákọ̀ méjèèjì sínú àwọn ojúlé kan tó ń ṣírò ìrìn àjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì wákàtí ni wọ́n máa sọ fún yín. Òmíràn á ní kò sí ọ̀nà tó débẹ̀ rárá.

Bàálù ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ojúlé yẹn. Wọ́n á mú iye kìlómítà, wọ́n á fi 800 pín in, torí pé bíi kìlómítà 800 ni bàálù ńlá ń sá ní wákàtí kan, wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú 30 lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Fún Èkó sí London, tó jẹ́ bíi kìlómítà 5,000, ìṣirò yẹn ò burú. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45 ló máa gbé jáde, ìyẹn ò sì jìnnà sí òótọ́. Tó bá wá kan erékùṣù kékeré, ọgbọ́n yẹn tán nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe é fúnra yín ni mo fẹ́ fi hàn yín, fóònù nìkan lẹ sì nílò. Orkney ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, màá sì máa yà sí São Tomé, Saba àti Samoa níbi tí wọ́n bá ti wúlò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ pápákọ̀ tó jẹ́ gan-an

Orúkọ erékùṣù máa ń jọra, ó sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Papa Westray wà ní Orkney, Papa Stour wà ní Shetland, méjèèjì ló sì ní ibi tí bàálù kékeré ń balẹ̀ sí. Ẹni tó bá tẹ "Papa" lásán tó sì mú èyí tó kọ́kọ́ yọjú lè ti ṣírò ọ̀nà erékùṣù mìíràn. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, erékùṣù kan ṣoṣo ló máa ní pápákọ̀ méjì. Ní Karibíánì, erékùṣù tí ilẹ̀ Faransé àti Netherlands pín láàárín ara wọn ní SXM lápá Netherlands àti SFG lápá Faransé. Ọ̀tọ̀ ni bàálù tó ń bà sí èkíní, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń bà sí èkejì.

Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ mọ̀ ni kí ẹ dì mú, bí LOS ṣe jẹ́ ti Èkó. Ti Westray ni WRY. Ti Papa Westray ni PPW. KOI ni ti Kirkwall, ìlú tó jẹ́ olú Orkney, níbi tí gbogbo bàálù àwọn erékùṣù kéékèèké wọ̀nyí ti ń ṣẹ́rí wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí wọ́n wà lórí àwòrán ayé

Nọ́ńbà méjì ló ń sọ ibi tí ohunkóhun wà láyé. Ti ìlà ìbú ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ti ìlà òró ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí Greenwich, yálà sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn. Lórí Google Maps nínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ ibẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì á jáde lókè. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí àmì pupa á fi yọ. Kí ẹ yí i sí àwòrán tí wọ́n yà láti òfurufú, kí ẹ lè fojú rí ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀. Ní erékùṣù báyìí, pápá oko ló máa ń jọ. Tí ẹ bá tẹ àárín abúlé dípò pápákọ̀, ìṣirò yín ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ọ̀nà tí à ń wọ̀n ò tó kìlómítà mẹ́ta.

Ohun tí ẹ máa rí rèé:

Westray: 59.3503, −2.9500
Papa Westray: 59.3517, −2.9003
Kirkwall: 58.958, −2.905

Àmì àyọkúrò tó wà níwájú nọ́ńbà kejì túmọ̀ sí pé ìwọ̀ oòrùn Greenwich ni wọ́n wà. Níwájú nọ́ńbà kìíní, gúúsù ayé ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yìí á gbé Orkney lọ sínú òkun lápá Norway.

Ibì kan wà níbí tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ìwé àti ojúlé kan kì í kọ ọ́ báyìí; wọ́n á kọ 59°21′06″. Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá ti dìgírì nìyẹn, wọn kì í ṣe àmì ìpín mẹ́wàá. 59°21′ kì í ṣe 59.21. Ẹ fi 60 pín 21, ẹ ó rí 0.35, ẹ fi 3,600 pín 6, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.0017, ẹ rò wọ́n pọ̀ mọ́ 59, ó di 59.3517. Tí ẹ bá kọ 59.21 síbẹ̀, kìlómítà 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ fi ṣìnà, ìyẹn sì ju ìlọ́po márùn-ún ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò

Ayé rí roboto, àwọn onímọ̀ sì ní ìṣirò gígùn fún un. Ṣùgbọ́n láàárín erékùṣù tó súnmọ́ra, bí ayé ṣe tẹ̀ ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ẹ lè kà á bí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó ṣe.

Ẹ yọ ìlà ìbú kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ fi 111.2 sọ ọ́ di púpọ̀. Kìlómítà tó wà nínú dìgírì kan láti gúúsù sí àríwá nìyẹn, ibi yòówù kí ẹ wà láyé.

Ẹ yọ ìlà òró kan kúrò nínú èkejì. Èyí ò rọrùn bíi ti ìṣáájú, torí àwọn ìlà òró ń súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sí orí ayé lókè àti nísàlẹ̀. Ní ìlà agbedeméjì ayé, 111 kìlómítà ló wà nínú dìgírì kan. Ní Karibíánì níbi tí Saba wà, ó ti di 106. Ní Orkney, 57 péré ló kù. Láti mọ ti ibi tí ẹ wà, ẹ ṣí kakulétọ̀ fóònù yín, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn àmì tó pọ̀ lè jáde, ẹ rí i pé "Deg" ló wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ cos, ẹ tẹ nọ́ńbà ìlà ìbú ibẹ̀, kí ẹ wá fi 111.2 sọ ohun tó bá jáde di púpọ̀. Iye yẹn ni ẹ ó fi sọ ìyàtọ̀ ìlà òró méjèèjì di púpọ̀.

Ẹ sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ tẹ √. Ohun tó bá jáde ni iye kìlómítà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Westray sí Papa Westray pọ̀. Ìyàtọ̀ ìlà ìbú wọn jẹ́ 0.0014, ẹ fi 111.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.16. Ìyàtọ̀ ìlà òró wọn jẹ́ 0.0497, ẹ fi 56.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2.82. Nígbà tí ẹ bá tẹ √ tán, kìlómítà 2.8 ló wà níwájú yín. Ẹ ó rí i níbòmíì tí wọ́n kọ 2.7. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àárín pápákọ̀ ni àmì wa wà, bàálù sì lè gbéra láti etí kan. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ̀nà báyìí pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìpín, ó kàn ń ṣe fáàrí ni.

Kirkwall sí Westray: 0.392 lọ́nà 111.2 jẹ́ 43.6; 0.045 lọ́nà 57 jẹ́ 2.6, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 43.7. Àríwá gan-an ló kọjú sí, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kejì ò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ti ẹkùn tiwa náà wà. São Tomé àti Príncipe wà nínú òkun kan náà tí Èkó wà létí rẹ̀, lápá gúúsù wa. TMS ni lẹ́tà São Tomé, PCP ni ti Príncipe. Ẹ fi 0.378, 6.712 àti 1.663, 7.412 dán an wò. Níwọ̀n bí ibẹ̀ ti fara kan ìlà agbedeméjì ayé, 111.2 kan náà ni ẹ ó lò fún nọ́ńbà méjèèjì, ẹ ò nílò cos rárá. Ẹ ó rí bíi kìlómítà 163. Ẹni tó bá fi 57 ti Orkney ṣe é níbẹ̀ á rí 148, á sì máa rò pé ohun tóun ṣe dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi àwòrán yẹ̀ ẹ́ wò

Èyí ò gba àsìkò. Lórí Google Maps, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ pápákọ̀ kìíní, ẹ yan "Measure distance", kí ẹ fa ìlà náà dé pápákọ̀ kejì. Tàbí kí ẹ lọ sí gcmap.com, kí ẹ tẹ WRY-PPW pẹ̀lú àmì kékeré láàárín wọn. Tí iye tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ti ìṣirò yín díẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹ padà lọ wo àmì àyọkúrò àti cos.

Ẹ má tẹ "Directions" o. Ọ̀nà mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi nìyẹn ń wá. Tí kò bá sì rí i, á ní kò sí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni irọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ kìlómítà di ìṣẹ́jú

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni irú bàálù tó ń rìn níbẹ̀. Láàárín àwọn erékùṣù Orkney, ilé iṣẹ́ bàálù Loganair ló ń fi Britten-Norman Islander gbé èrò. Bàálù kékeré ni, ó ní ẹ́ńjìnnì méjì, èrò mẹ́jọ ló ń gbé pẹ̀lú awakọ̀ kan ṣoṣo. Tí ó bá ti wà lókè tó dúró dáadáa, bíi kìlómítà 240 ló ń sá ní wákàtí kan. Kò sí ògiri láàárín awakọ̀ àti èrò. Wọ́n máa ń wo bí oníkálukú ṣe wúwo tó kí wọ́n tó pín ìjókòó, kí bàálù má bàa tẹ̀ sápá kan, èrò kan sì lè bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ gan-an, níbi tí á ti máa wo gbogbo aago tó wà níwájú. Kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù yáa tètè sọ.

Ìlànà tí mò ń lò rèé: ẹ fi ìyára bàálù pín kìlómítà, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀ kó di ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lé e fún bàálù kékeré, tàbí mẹ́wàá fún èyí tó tóbi díẹ̀ tó ń gbé èrò ogún sí àádọ́ta. Kirkwall sí Westray: 43.7 tí a fi 240 pín, lọ́nà 60, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 11. Ẹ fi mẹ́rin lé e, ó di 15. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ọ̀run. Ojúlé onídajì wákàtí yẹn á ti sọ ìṣẹ́jú 33 fún yín, ó ju ìlọ́po méjì òótọ́ lọ.

São Tomé sí Príncipe: ká ní bàálù alábẹ̀bẹ̀ tó ń sá kìlómítà 400 ní wákàtí kan ni. 163 tí a fi 400 pín jẹ́ ìṣẹ́jú 24. Ẹ fi mẹ́wàá lé e, ó di 34. Bíi 35 ni wọ́n máa ń sọ. Sint Maarten, ìyẹn SXM, sí Saba: kìlómítà 46, bàálù Twin Otter ni ilé iṣẹ́ bàálù Winair ń lò níbẹ̀, á gba bíi ìṣẹ́jú 15. Ọ̀nà ìsáré Saba ò ju mítà 400 lọ, òkè tó dà sínú òkun ló wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ìlànà tí mo kọ yìí á ṣiṣẹ́ débẹ̀, àmọ́ àwọn awakọ̀ tí wọ́n kọ́ fún ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí ó bà síbẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá ní ojú ọjọ́ ò dára, ẹ má bá wọn jà.

Westray sí Papa Westray ò tẹ̀lé ìlànà yìí dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Láàárín kìlómítà 2.8, bàálù ò ní àyè láti dé ìyára 240 kó tún dín in kù. Ó ń gòkè díẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi 185 ṣe ìyára rẹ̀ dípò 240, ẹ ó rí ìṣẹ́jú àáyá 54. Ṣé ẹ rí i pé kò jìnnà sí 53 ti Linklater? Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí atẹ́gùn kó tó gbéra, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí i kó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pápákọ̀ méjèèjì fi ní ju ọ̀nà ìsáré kan lọ, tí oníkálukú wọn kọjú sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ibi tí kò rọgbọ, yíyípo tí bàálù máa yípo lè gùn ju òkun tó fẹ́ kọjá lọ.

Atẹ́gùn

Lórí ọ̀nà tó gùn díẹ̀, ẹ máa rí ohun tí atẹ́gùn ń ṣe kedere. Orkney ò ní igi púpọ̀ tó máa dá a dúró. Ká sọ pé ó ń fẹ́ láti àríwá ní kìlómítà 55 ní wákàtí kan, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Bàálù tó kúrò ní Kirkwall lọ sí Westray á máa bá a wọ̀yá ìjà: 240 tí a yọ 55 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 185, ìrìn náà á gba ìṣẹ́jú 14 dípò 11. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, atẹ́gùn á ti í lẹ́yìn: 295, ìṣẹ́jú 9. Ẹ rò ó pọ̀: 23. Tí kò bá sí atẹ́gùn, 22 ni àlọ àti àbọ̀ ì bá jẹ́. Ohun tí atẹ́gùn gbà lọ́wọ́ yín lálọ, kì í dá gbogbo rẹ̀ padà lábọ̀, torí ẹ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń dí yín lọ́wọ́ ju ìgbà tó ń ràn yín lọ́wọ́ lọ.

Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ìyára atẹ́gùn ní "knots", ẹ fi 1.852 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di kìlómítà. Kùrukùru tó ń ti inú òkun wá ò ní ìṣirò. Tó bá ti bo pápákọ̀, ìrìn náà ti di ti ìgbà tó bá ká.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo ìwé àkókò, òun lọ̀gá

Gbogbo ohun tí a ti ń ṣírò bọ̀, láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan bọ́gbọ́n mu ni. Ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀, inú ìwé àkókò ẹni tó ni bàálù ló wà. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò níbẹ̀.

Bóyá bàálù náà ń dúró lọ́nà. Láti Kirkwall, ó lè lọ tààrà sí Papa Westray, ó lè kọ́kọ́ dúró ní Westray, lọ́jọ́ mìíràn ó lè gba Papa Westray kó tó dé Westray. Nítorí náà, Kirkwall sí Papa Westray lè jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 15, ó sì lè jẹ́ bíi 25, lórí ọ̀nà kan náà. Ìrìn olókìkí tí gbogbo ayé ń sọ yẹn, ẹsẹ̀ kan lára ìrìn yíká yìí ni. Àwọn olùkọ́ àti àwọn dókítà tó ń lọ bẹ ibẹ̀ wò ló ń lò ó jù. Àwa tí a fẹ́ ya fọ́tò la kàn ń fara mọ́ wọn.

Ọjọ́ wo ni. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kan lè wà tó jẹ́ pé àlọ nìkan ló wà, tàbí àbọ̀ nìkan. Ìwé àkókò ìgbà òtútù sì yàtọ̀ sí ti ìgbà ooru, torí nínú oṣù Kejìlá, bíi wákàtí mẹ́fà péré ni oòrùn fi ń wà lójú ọ̀run níbẹ̀.

Aago ta ni wọ́n ń lò. Aago ibi tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tó gbéra, aago ibi tó bà sí ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tó balẹ̀. Ní Orkney èyí ò ní wàhálà, àyàfi fún ẹni tó ń pè láti ilé: ní ìgbà ooru, aago wọn àti ti Nàìjíríà bára mu, ní ìgbà òtútù, tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ti São Tomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo Samoa àti American Samoa. Láti Faleolo, pápákọ̀ Samoa, sí Pago Pago ní American Samoa ò ju bíi kìlómítà 150 lọ, ìlà tó ń pín ọjọ́ sì gba àárín wọn kọjá. Títí di ìparí ọdún 2011, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n jọ wà. Ìgbà náà ni Samoa fo sódì kejì, tí ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ò sì sí rárá fún wọn. Lónìí, ẹni tó bá gbéra ní Samoa ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun á bà sí Pago Pago ní bíi ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Tí ẹ bá yọ aago kìíní kúrò nínú èkejì láìwo ọjọ́, ó máa ṣe rẹ́gí. Tí ẹ bá wo ọjọ́, á dà bíi pé ẹ padà sẹ́yìn. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbà ní Pago Pago á ṣì ku ọjọ́ kan kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún yín.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka a láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ sùn ní Pierowall, abúlé tó tóbi jù ní Westray, ẹ sì fẹ́ lọ wo Knap of Howar ní Papa Westray, ilé àgbẹ̀ olókùúta tó ti wà níbẹ̀ láti bíi ọdún 3700 ṣáájú Kristi. Ẹ̀bá òkun ló wà, kò jìnnà sí pápákọ̀.

Bàálù: ọkọ̀ láti abúlé dé pápákọ̀ tó wà lápá àríwá erékùṣù, ẹ ka ìṣẹ́jú 10. Dídúró kí wọ́n tó pè yín, ẹ ka 20. Ìrìn fúnra rẹ̀, 2. Kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì gba ẹrù, 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37.

Ọkọ̀ ojú omi: inú abúlé náà ló ti ń gbéra, ẹsẹ̀ lẹ máa fi débẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 25 ló ń lò lórí omi. Ẹ fi 10 lé e fún dídúró àti wíwọlé: 35.

Ṣé ẹ rí i? Ìrìn bàálù tó kúrú jù láyé, ọkọ̀ ojú omi kékeré ń bá a dé. Ẹsẹ̀ mìíràn wà níbẹ̀ sí i: gúúsù Papa Westray ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, àárín erékùṣù sì ni pápákọ̀ wà, nítorí náà ẹni tó bá gba orí omi lọ á tún rìn dáadáa kó tó dé Knap of Howar. Erékùṣù náà ò fẹ̀, àmọ́ ó gùn tó kìlómítà mẹ́fà. Èmi á wọ bàálù lálọ, màá sì bá ọkọ̀ ojú omi padà, tí òkun bá rọ̀.

Láti Kirkwall, ẹjọ́ náà yí padà. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń lọ sí Westray ń lò tó wákàtí kan àti ààbọ̀, ó sì ń gúnlẹ̀ sí Rapness, ní gúúsù erékùṣù, tí ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ kọjá gbogbo erékùṣù kí ẹ tó dé Pierowall. Bàálù onísẹ́jú 15 ló máa jáwé olúborí níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ní mọ́tò tí ẹ fẹ́ gbé dání.

Àwọn ará wa tó ń ti London bọ̀, ẹ ó wọ bàálù dé Edinburgh, Glasgow, Aberdeen tàbí Inverness, ẹ ó tún wọ òmíràn lọ sí Kirkwall kí ẹ tó dé ibi tí ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àkókò sílẹ̀ láàárín bàálù ńlá àti bàálù kékeré ní Kirkwall, ó kéré tán wákàtí méjì. Tí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí èyí àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹni tó ni èkejì ò jẹ yín ní nǹkan kan. Ẹ wo iye kílò tí wọ́n gbà láàyè nínú bàálù kékeré pẹ̀lú, torí kò tó ti bàálù ńlá. Ẹrù tí ẹ fi wọ ti àkọ́kọ́ lè má wọ ti èkejì.

Tí ẹ bá fẹ́ sanwó, àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo bàálù tó máa kúrò ní Papa Westray kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tó máa kẹ́yìn, kí ẹ ka àkókò padà sẹ́yìn láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbéra ní Westray. Àwọn bíi 90 èèyàn ló ń gbé lórí erékùṣù náà nígbà ìkànìyàn ọdún 2011, ibùsùn àlejò ò pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí ìjókòó àbọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ pe ilé tó ń gba àlejò níbẹ̀ ná, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó fún àlọ.